Ojú Ọmọ Tó Wà Ní Yàrá Òkè: Àwọn Adóòlà Ẹ̀mí Júù Nínú Ìwé Ọmọdé

 

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Násì ti Jámánì àti àwọn tó bá wọn lọ́wọ́ sí i pa Júù tó tó mílíọ̀nù mẹ́fà. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ọmọdé. Láti ọdún 1963 ni Yad Vashem, ilé ìrántí tó wà ní Jerúsálẹ́mù, ti ń fi orúkọ ọlá dá àwọn tí kì í ṣe Júù lọ́lá, àwọn tó fi ẹ̀mí ara wọn wewu láti dóòlà Júù láìgba owó. Orúkọ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ báyìí lé ní 28,000. Kí a tilẹ̀ sọ pé àwọn tí a kò gbọ́ orúkọ wọn fi ìlọ́po mẹ́wàá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ènìyàn tó ń gbé Yúróòpù nígbà náà, ẹ ó rí i pé ẹni tó ṣílẹ̀kùn kò tó nǹkan. Àwọn tó tilẹ̀kùn ló pọ̀. Àwọn tó ń yọjú lójú fèrèsé pọ̀. Àwọn tó wọlé lọ kó àga àti aṣọ aládùúgbò wọn lẹ́yìn tí wọ́n ti kó onílé lọ, àwọn náà kò kéré.

Ẹ wá bá mi lọ sí ibi tí wọ́n to ìwé ọmọdé lórí ogun náà sí ní ilé ìkàwé ní Amẹ́ríkà tàbí ní Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ọmọ máa bá níbẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Apẹja tó fi Júù pamọ́ wà níbẹ̀, aṣojú ìjọba tó fún wọn ní físà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì, àlùfáà, ọba lórí ẹṣin. Ọmọ tó bá ka mẹ́wàá nínú wọn lè rò pé ní gbogbo òpópónà Yúróòpù ni ilé kan wà tí wọ́n ti ń dúró de Júù pẹ̀lú búrẹ́dì àti bẹ́ẹ̀dì.

N kò bá àwọn òǹkọ̀wé jà. Ta ni yóò gbé ìtàn àgọ́ ìpànìyàn Treblinka lé ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ́wọ́ láìfún un ní ẹnì kan tí yóò dì mú? Adóòlà ni ẹni tí òǹkọ̀wé ń fún ọmọ láti dì mú. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n torí pé òun ni ọmọ dì mú, ọ̀nà tí a gbà ṣe àpèjúwe rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ohun kan ṣoṣo tí mo wá sọ nìyí: ojú tí òǹkọ̀wé bá fi wo adóòlà ló ń sọ bóyá ènìyàn ni ọmọ yóò rí tàbí ère. Nínú gbogbo ojú tí mo ti rí nínú àwọn ìwé wọ̀nyí, ojú ọmọ tí wọ́n fi pamọ́ ló rí òtítọ́ jù, ojú yẹn gan-an ló sì ṣọ̀wọ́n jù.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó lókìkí jù. Lọ́dún 1989 ni Lois Lowry, òǹkọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà, gbé Number the Stars jáde. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó gba àmì-ẹ̀yẹ Newbery. Copenhagen, olú-ìlú Dẹ́ńmáàkì, ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ní 1943. Annemarie Johansen, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Ellen Rosen. Júù ni Ellen. Nígbà tí ìròyìn dé pé àwọn Jámánì fẹ́ wá kó gbogbo Júù ìlú náà, ìyá àti bàbá Annemarie mú Ellen sọ́dọ̀, wọ́n sì ń pè é ní Lise, orúkọ àkọ́bí wọn tó ti kú. Òru ọjọ́ náà gan-an làwọn sójà wọlé. Kí wọ́n tó dé yàrá, Annemarie já ẹ̀wọ̀n ọrùn Ellen tí ìràwọ̀ Dáfídì wà lára rẹ̀, ó dì í mọ́ àtẹ́lẹwọ́ gbágbáágbá títí tí àpá ìràwọ̀ náà fi hàn lára rẹ̀. Ọ̀gá sójà wo irun Ellen, ó dúdú. Ti àwọn ọmọ ilé kò dúdú. Bàbá bá fa fọ́tò Lise nígbà tó wà ní ìkókó yọ, irun ọmọ náà dúdú nígbà náà. Ibẹ̀ ni ikú ti yẹ̀.

Òótọ́ wà nídìí ìtàn yìí. Georg Ferdinand Duckwitz, ará Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba rẹ̀ ní Copenhagen, ló ta àwọn olóṣèlú Dẹ́ńmáàkì lólobó pé wọ́n ń bọ̀ wá kó àwọn Júù. Ní ọjọ́ 29 Oṣù Kẹsàn-án 1943, Rábì Marcus Melchior sọ fún àwọn tó wá sí sínágọ́gù pé kí wọ́n lọ sá pamọ́, kí wọ́n sì sọ fún ẹlòmíràn. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọkọ̀ apẹja kó Júù bíi 7,200 lọ sí Swídìn, pẹ̀lú nǹkan bíi 700 ìbátan wọn tí kì í ṣe Júù. Àwọn bíi 470 lọwọ́ tẹ̀, tí wọ́n kó lọ sí àgọ́ Theresienstadt. Dẹ́ńmáàkì ní àǹfààní tí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn kò ní: Júù ibẹ̀ kò tó 8,000, Swídìn tí kò sí nínú ogun sì wà ní ìsọdá omi. Níbi tí omi náà ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù, kò ju kìlómítà mẹ́rin lọ.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìwé Lowry ni bó ṣe lo ẹ̀rù. Iṣẹ́ tó bá ọjọ́ orí Annemarie mu ló gbé fún un: kó gbé agbọ̀n oúnjẹ gba inú igbó lọ sí etíkun, níbi tí arákùnrin ìyá rẹ̀, Henrik apẹja, ti ń dúró. Ìdìpọ̀ kan wà lábẹ́ oúnjẹ náà, Annemarie kò sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọn ò sọ fún un. Àìmọ̀ náà ló ràn án lọ́wọ́ nígbà tí sójà àti ajá dá a dúró, torí ọmọ tí kò mọ nǹkan kan kò lè tú àṣírí. Áńkáṣíìfù ló wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ehoro gbígbẹ àti kokéènì rá láti pa imú ajá kú, kó má baà gbóòórùn àwọn tó fara pamọ́ sínú ọkọ̀. Wọ́n lo irú áńkáṣíìfù bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àbúrò mi tàbí ọmọ mi lè ṣe ohun tí Annemarie ṣe. Ìyẹn ni agbára ìwé náà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Henrik kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nínú ìtàn gidi, púpọ̀ nínú àwọn apẹja gba owó, òmíràn gba owó gọbọi, torí bí wọ́n bá mú wọn, wọ́n lè pàdánù ọkọ̀ tí wọ́n fi ń jẹun. Àwọn ọlọ́rọ̀ àti ẹgbẹ́ abẹ́lẹ̀ ló dáwó jọ fún àwọn tí kò ní. Ǹjẹ́ èyí sọ àwọn apẹja náà di ènìyàn burúkú? Rárá. Wọ́n wa ọkọ̀ lóru sáàárín omi tí ọkọ̀ ogun Jámánì ń ṣọ́. Ọmọ tó bá gbọ́ pé wọ́n gba owó, tí wọ́n sì tún fi ẹ̀mí wewu, yóò mọ̀ nípa ènìyàn ju ọmọ tó gbọ́ ìdajì lọ. Gilleleje náà, ìlú etíkun tí Lowry gbé ìtàn rẹ̀ lọ, ní ìtàn mìíràn tí kò sí nínú ìwé: ní Oṣù Kẹwàá ọdún náà, àwọn Gestapo, ọlọ́pàá àṣírí ti Násì, rí Júù bíi ọgọ́rin tó fara pamọ́ sí òkè àjà ṣọ́ọ̀ṣì ìlú náà, wọ́n sì kó wọn.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti Ellen. Orúkọ rẹ̀ yí padà, wọ́n já ẹ̀wọ̀n ọrùn rẹ̀, wọ́n mú un kúrò lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá rẹ̀, wọ́n tún kó o wọ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ẹja. Kí ni Ellen ń rò? A kò mọ̀. Annemarie ni ojú wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Ellen wá dà bí ẹrù iyebíye tí àwọn ẹlòmíràn ń gbé kiri. Ẹni tí ewu bá gan-an ni òǹkàwé mọ̀ kéré jù.

Kí n tó kúrò ní Dẹ́ńmáàkì, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ọba. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbọ́ pé nígbà tí àwọn Jámánì pàṣẹ pé kí àwọn Júù Dẹ́ńmáàkì máa wọ ìràwọ̀ aláwọ̀ ìyeyè, Ọba Christian Kẹwàá fúnra rẹ̀ lẹ ìràwọ̀ mọ́ aṣọ, gbogbo ìlú sì ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2000, Carmen Agra Deedy ṣe ìwé àwòrán ẹlẹ́wà kan lórí rẹ̀, The Yellow Star. Kò ṣẹlẹ̀. Wọn kò pàṣẹ ìràwọ̀ ní Dẹ́ńmáàkì rí, Deedy fúnra rẹ̀ sì sọ ọ́ nínú ìwé náà pé ìtàn àtẹnudẹ́nu ni. Òótọ́ ni pé ọba máa ń gun ẹṣin kọjá láàárín ìlú lójoojúmọ́ láìsí ẹ̀ṣọ́ nígbà tí ọ̀tá wà lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn nìkan tó láti kọ ìwé lé lórí. Ìdí tí mo fi kọminú ni pé olùkọ́ púpọ̀ ka àwòrán inú rẹ̀ fún ọmọ, wọn kò ka ojú ewé tó kẹ́yìn. Bí ọmọ náà bá dàgbà tó sì mọ̀ pé ti ọba yẹn kì í ṣe òótọ́, kí ni yóò sọ nípa ti àwọn apẹja? Àwọn tó ń sọ pé ìpẹ̀yàrun náà kò wáyé kò tíì tán láyé. A kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀bùn irọ́ kankan lé wọn lọ́wọ́, bó ti wù kí irọ́ náà lẹ́wà tó.

Ìwé mìíràn wà tó gbé ojú fún ọmọ adóòlà fúnra rẹ̀. Passage to Freedom, tí Ken Mochizuki kọ ní 1997, tí Dom Lee sì ya àwòrán rẹ̀, ni. Hiroki, ọmọ ọdún márùn-ún, ló ń sọ ohun tí bàbá rẹ̀ ṣe. Chiune Sugihara ni bàbá náà, aṣojú ìjọba Japan ní Kaunas, ní Lithuania, lọ́dún 1940. Àwọn Júù tó sá wá láti Póláńdì rọ́ wá sí ẹnu géètì rẹ̀, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún físà. Sugihara bèèrè lọ́wọ́ Tokyo lẹ́ẹ̀mẹta, Tokyo kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó jókòó, ó ń fi ọwọ́ kọ físà láti àárọ̀ dálẹ́. Orúkọ tó wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ lé ní 2,100, òmíràn sì jẹ́ ti odindi ìdílé. Ìwé náà dára. Kò pariwo. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn ni pé bàbá pe ìyàwó àti àwọn ọmọ jókòó, ó bi wọ́n léèrè kó tó ṣe é, torí ìyà rẹ̀ yóò kan gbogbo ilé. Ó sì kàn wọ́n: ní 1947, wọ́n lé Sugihara kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Síbẹ̀, ẹnì kan kò sí nínú ọ̀pọ̀ ìwé ọmọdé tó sọ ìtàn yìí. Físà ìrékọjá ni Sugihara ń fún wọn, ẹni tó bá sì fẹ́ rékọjá gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ń lọ. Jan Zwartendijk, ará Nẹ́dálándì tó ń bá ilé iṣẹ́ Philips ṣiṣẹ́ ní Kaunas, tó tún jẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀, ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé wọ́n lè lọ sí erékùṣù Curaçao. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló kọ. Láìsí òǹtẹ̀ Zwartendijk, ọ̀pọ̀ òǹtẹ̀ Sugihara kì bá rí ibi jókòó. Yad Vashem dá Sugihara lọ́lá ní 1984. Ti Zwartendijk kò dé títí di 1997, lẹ́yìn tó ti kú fún ọdún mọ́kànlélógún. Ìwé ọmọdé fẹ́ràn akọni kan ṣoṣo, iṣẹ́ ìdóòlà kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo rí.

Mo ti dé ibi tí mo ń lọ. Lọ́dún 1972, Johanna Reiss, obìnrin Júù tí wọ́n bí ní Winterswijk ní Nẹ́dálándì, nítòsí ààlà Jámánì, kọ ìwé kan lórí ìgbà èwe tirẹ̀. The Upstairs Room ni wọ́n ń pè é. Annie de Leeuw ni orúkọ tó jẹ́ nínú rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Sini lọ fara pamọ́ ní 1942. Ìyá wọn ń ṣàìsàn ní ilé ìwòsàn, ó sì kú níbẹ̀. Bàbá wọn lọ pamọ́ sí ibòmíràn, ẹ̀gbọ́n wọn àgbà náà sí ibòmíràn. Wọ́n kọ́kọ́ gbé lọ́dọ̀ ìdílé kan tó rí jájẹ ní abúlé Usselo. Nígbà tí ibẹ̀ kò fara rọ mọ́, wọ́n kó wọn lọ sọ́dọ̀ àgbẹ̀ kan, Johan Oosterveld, ìyàwó rẹ̀ Dientje, àti ìyá rẹ̀ tí gbogbo ilé ń pè ní Opoe. Fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n sọ pé ó máa jẹ́. Ó ju ọdún méjì lọ.

Kí ni ọmọ tó wà nínú yàrá òkè rí? Ó rí Johan, àgbẹ̀ tí kò kàwé púpọ̀, tó ń bú èébú, tó ń yangàn pé òun gbọ́n ju àwọn Jámánì lọ. Àwọn kan ní Amẹ́ríkà kò fẹ́ kí ọmọ ka ìwé náà nítorí ẹnu Johan. Ó rí Dientje, tí ẹ̀rù ń bà, tí kì í fi ẹ̀rù náà pamọ́. Ó rí Opoe, ìyá àgbà tí kò fi ẹnu dùn pọ́nnu, tó sì fẹ́ràn wọn. Ó gbọ́ ìjà láàárín ìyàwó ilé àti ìyá ọkọ, ìjà tí ogun kò dá dúró. Bọ́ọ̀dù kan wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù tí Johan fi igi ṣe. Ẹ̀yìn rẹ̀ làwọn ọmọ máa ń rá wọ̀ bí àwọn sójà bá wá wo ilé, wọ́n á máa gbọ́ ìró bàtà. Nígbà kan, àwọn sójà Jámánì tilẹ̀ gba ìsàlẹ̀ ilé náà ṣe ọ́fíìsì, àwọn ọmọ Júù méjì sì wà lókè orí wọn, wọn ò gbọ́dọ̀ rìn, wọn ò gbọ́dọ̀ wúkọ́.

Ó rí ara tirẹ̀ náà. Annie kì í ṣe áńgẹ́lì ọmọ tó ń dúpẹ́ tọ̀sán-tòru. Ó ń sunkún, ó ń jowú, ó ń bá Sini jà. Sini ti dàgbà, ó fẹ́ oòrùn, ó fẹ́ ijó, ó fẹ́ ọkùnrin tí yóò wo òun, inú yàrá kan náà ló sì wà lọ́dọọdún. Ẹsẹ̀ Annie bẹ̀rẹ̀ sí í ro nítorí àìrìn. Wọ́n ń ṣàríwísí àwọn tó ń fún wọn ní oúnjẹ, bí ọmọ ṣe máa ń ṣe sí ẹni tó ń tọ́ ọ. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú, Reiss sọ ọ́ kedere pé òun kò fẹ́ kí àwọn Oosterveld jẹ́ akọni nínú ìwé òun. Ó fẹ́ kí wọ́n jẹ́ ènìyàn, tó ní ibi tó lágbára sí àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó.

Ẹ dákun, ẹ ro ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Obìnrin yìí ló jẹ wọ́n ní gbèsè ẹ̀mí rẹ̀. Bí ẹnìkan bá wà láyé tó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ Johan di ère, òun ni. Ó kọ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ Johan di ère, ìwọ̀n ohun tí Johan ṣe yóò dínkù, torí ère kì í bẹ̀rù. Dientje tó ń gbọ̀n, tó ń fẹ́ kí wọ́n lọ, tí ilẹ̀ tún mọ́ tó gbé ọbẹ̀ gòkè fún wọn, ó ń ṣe ìpinnu náà lójoojúmọ́. Nínú ìwé àwòrán, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni adóòlà máa ń pinnu, lójú ewé kan, pẹ̀lú ojú tó le. Nínú ìwé Reiss, ìpinnu náà ń padà bọ̀ ní gbogbo àárọ̀, pẹ̀lú ẹ̀rù tuntun, fún ohun tó lé ní ọdún méjì. Nẹ́dálándì kò ní òkun tóóró àti Swídìn lódìkejì. Nínú Júù bíi 140,000 tó wà níbẹ̀, wọ́n pa ohun tó lé ní 100,000. Ọmọ tó wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù Johan mọ̀ láìsí àlàyé òpìtàn pé ilé yìí kò jọ àwọn ilé yòókù.

Ẹlòmíràn tó wo adóòlà láìfi ìtìjú bojú ni Uri Orlev. Warsaw ní Póláńdì ni wọ́n bí i sí ní 1931, ó gbé inú ghetto ibẹ̀, àdúgbò tí àwọn Násì sé Júù mọ́, wọ́n pa ìyá rẹ̀, wọ́n kó òun àti àbúrò rẹ̀ lọ sí àgọ́ Bergen-Belsen, wọ́n sì yè é. Ní Ísírẹ́lì ló ti di òǹkọ̀wé, èdè Hébérù ló fi kọ̀wé, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Hans Christian Andersen ní 1996. Nínú The Man from the Other Side, Antony, ọkọ ìyá ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Marek, ń gba inú gọ́tà abẹ́ ilẹ̀ Warsaw kó oúnjẹ lọ tà fún àwọn Júù inú ghetto. Owó ńlá ló ń gbà. Kò fẹ́ràn Júù. Ọkùnrin kan náà ló tún ń gbé ìkókó Júù jáde láti inú gọ́tà yẹn, láìgba owó. Marek fúnra rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, bá àwọn kan dá Júù kan tó sá jáde lọ́nà, wọ́n gba owó rẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ mọ̀, ó tú àṣírí fún un pé Júù ni bàbá tó bí i. Owó ìwà ibi náà ni Marek wá fi bẹ̀rẹ̀ sí í ran Júù mìíràn, Pan Jozek, lọ́wọ́. Ọ̀tẹ̀ ghetto bẹ́ sílẹ̀ ní Oṣù Kẹrin 1943, Jozek ní òun ń padà lọ bá àwọn ènìyàn òun jà, Marek sì mú un gba gọ́tà padà. Jozek kú níbẹ̀. Nínú ìwé yìí, ìdóòlà kò yọrí sí rere, adóòlà kan jẹ́ olè, èkejì jẹ́ oníṣòwò tó kórìíra Júù. Mi ò mọ ìwé ọmọdé mìíràn tó fi ọkàn tán ọmọ tó bẹ́ẹ̀.

Warsaw náà ni Irena Sendler wà. Ìwé àwòrán lórí rẹ̀ pọ̀ gan-an báyìí: Irena's Jars of Secrets ti Marcia Vaughan jáde ní 2011, Jars of Hope ti Jennifer Roy ní 2015, àwọn mìíràn sì wà. Òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re ìjọba ìlú ni, ó rí ọ̀nà wọ ghetto, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń kó ọmọ jáde, wọ́n ń fún wọn ní orúkọ Póláńdì, wọ́n ń fi wọ́n sí ilé ènìyàn àti ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn. Ó kọ orúkọ gidi wọn pamọ́ sínú ìgò kí wọ́n lè padà rí ẹbí wọn. Ní Oṣù Kẹwàá 1943, àwọn Gestapo mú un, wọ́n lù ú títí ó fi ní àpá rẹ̀ dọjọ́ ikú, ẹgbẹ́ abẹ́lẹ̀ Żegota tó ń ran Júù lọ́wọ́ sì fi àbẹ̀tẹ́lẹ̀ gbà á sílẹ̀. Iye tí wọ́n máa ń kọ ni 2,500 ọmọ, òpìtàn kan àti òmíràn sì ti ń jiyàn lórí rẹ̀. Èyí tí kò ní iyàn ni pé kò dá a ṣe. Obìnrin púpọ̀ ló bá a ṣe é, òun fúnra rẹ̀ sì ń tún un sọ títí tó fi kú ní 2008. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n lára èèpo ìwé, obìnrin kan ló dúró pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́.

Sendler sọ nǹkan kan tí mo fẹ́ kí gbogbo ìwé wọ̀nyẹn fún ní ojú ewé tó pọ̀. Àwọn ìyá inú ghetto máa ń bi í bóyá ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọmọ wọn yóò yè. Kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Kò tilẹ̀ dá a lójú pé òun àti ọmọ yóò jáde láàyè ní ẹnubodè. Ìyá tó gbé ọmọ lé àjèjì lọ́wọ́ lábẹ́ irú èsì bẹ́ẹ̀, kí ni orúkọ tirẹ̀? Ta ló ti kọ ìwé ọmọdé fún un? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá yẹn kú ní Treblinka, orúkọ tó wà nínú ìgò kò sì rí ẹni tí wọn yóò padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Peter Sís gbìyànjú láti fún òbí ní àyè. Ìwé rẹ̀, Nicky & Vera, tó jáde ní 2021, sọ ti Nicholas Winton, ọ̀dọ́kùnrin ará Lọ́ńdọ̀nù tó bá àwọn ẹlòmíràn ṣètò ọkọ̀ ojú irin tó kó 669 ọmọ jáde láti Prague ní 1939. Sís fi ìtàn ọmọbìnrin kan, Vera, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Winton. A rí ilé Vera, ìlú rẹ̀, àwọn ológbò rẹ̀, kó tó wọ ọkọ̀. Nígbà tó padà dé lẹ́yìn ogun, kò bá ìyá àti bàbá rẹ̀. Ọkọ̀ tó kẹ́yìn, tí nǹkan bíi 250 ọmọ yóò wọ̀ ní ọjọ́ 1 Oṣù Kẹsàn-án 1939, kò gbéra, torí ogun bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìwé àwòrán ni, ọmọ kékeré lè kà á, kò sì fi ikú pamọ́.

Ìwé kan tí mo fẹ́ bẹ̀ yín pé kí ẹ wá kàn kò ní adóòlà kankan nínú. Jo Hoestlandt, ọmọ Faransé, kọ ọ́ ní 1993. Johanna Kang ya àwòrán rẹ̀. Star of Fear, Star of Hope ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Oṣù Keje 1942 ni, ní Faransé. Ọlọ́pàá Faransé fúnra wọn ló kó Júù tó lé ní 13,000 ní Paris àti àyíká rẹ̀ ní ọjọ́ méjì, ọmọdé inú wọn lé ní 4,000. Lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìbí Hélène, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Lydia, tó jẹ́ Júù, wá sùn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní òru, Lydia gbọ́ pé ewu ń bọ̀, ó ní òun fẹ́ lọ bá ìyá òun. Inú bí Hélène nítorí ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ burúkú sí Lydia. Lydia lọ, Hélène kò sì rí i mọ́. Ìyá àgbà ni Hélène nígbà tó ń sọ ọ́, ó ṣì ń retí pé Lydia wà láàyè níbì kan. Nínú ìwé yìí, ọmọ dáadáa kan, tí ilé rẹ̀ kò kórìíra ẹnikẹ́ni, kò gba ẹ̀mí ẹnì kankan là. Bí ogun náà ṣe rí fún ọ̀pọ̀ jù lọ nìyẹn.

Nǹkan kan tún kù tó ń jà lọ́kàn mi. Orúkọ ọlá Yad Vashem wà fún àwọn tí kì í ṣe Júù nìkan, ìwé ọmọdé sì máa ń tẹ̀ lé àkọsílẹ̀ yẹn. Nípa bẹ́ẹ̀ Júù máa ń di ẹni tí wọ́n ń dóòlà, kì í dóòlà. Marianne Cohn, ọmọbìnrin Júù tí wọ́n bí ní Mannheim ní 1922, ń kó ọmọ Júù kọjá ààlà Faransé sí Swítsálándì. Ní Oṣù Karùn-ún 1944, wọ́n mú òun àti ọmọ bíi méjìdínlọ́gbọ̀n. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣètò láti jí i gbé jáde lẹ́wọ̀n, kò gbà, torí kí wọ́n má baà fi ìyà rẹ̀ jẹ àwọn ọmọ. Ní Oṣù Keje, wọ́n pa á. Àwọn ọmọ náà yè. Ẹni ọdún mọ́kànlélógún ni.

Ẹ̀yin olùkọ́ yóò bi mí ohun tí ẹ ó ṣe pẹ̀lú gbogbo èyí ní kíláàsì. Bí ẹ bá ní Number the Stars, ẹ máa kà á, ìwé dáadáa ni. Kí ẹ ka ọ̀rọ̀ ìparí tí Lowry kọ sí i pẹ̀lú, níbi tó ti ya òótọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àròsọ. Kí ẹ tó dé òpin rẹ̀, ẹ ní kí ọmọ kọ orí kan láti ojú Ellen, nínú òkùnkùn ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ìwé Hoestlandt kò gùn, ẹ lè kà á tán ní ọ̀sán kan lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọmọ bá bi yín ìdí tí Lydia kò fi padà, ẹ má yí ọ̀rọ̀ padà. The Upstairs Room, ẹ gbé e fún àwọn tó ti tó ọdún mọ́kànlá, ẹ má sì yọ èébú Johan kúrò. Ti Orlev dúró de ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, kí àgbà kan sì wà nítòsí láti bá a sọ̀rọ̀. Àwọn òbí kan yóò sọ pé yóò da ọkàn ọmọ láàmú. Reiss ní ọmọbìnrin méjì, àwọn ló kọ ìwé rẹ̀ fún, torí ó fẹ́ kí wọ́n mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá wọn, kí wọ́n sì mọ Johan, Dientje àti Opoe bí wọ́n ṣe jẹ́ gan-an. Ẹ̀yin òǹkọ̀wé tó wà níbí, bí ẹ bá fẹ́ kọ irú ìtàn yìí ní Yorùbá fún àwọn ọmọ wa, ìyá tó gbé ọmọ jáde fún Sendler kò tíì ní ìwé tirẹ̀.